Ǹjẹ́ akọrin ọ́pẹ́rà lè máa kọ́ni ní ohùn láìṣe ìpalára fún iṣẹ́ ìkọrin tirẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ orin, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Èkó ni mo ń gbé, ohùn bàrítónì, ìyẹn ohùn ọkùnrin tí kò ga jù tí kò sì rẹlẹ̀ jù, ni mo sì ní. Inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ orin níléèwé, mo sì ti ń kọ orin ọ́pẹ́rà, ìyẹn eré orí ìtàgé tí a ń fi orin ṣe, ní èdè Ítálì àti èdè Jámánì níbi ìpàtẹ orin àti níbi ayẹyẹ láti ìgbà náà. Ohun tí ọkàn mi ń fẹ́ ni kí n dé orí ìtàgé ọ́pẹ́rà gan-an, níbi tí akọrin ti ń dojú kọ odidi ọkẹ́sítírà, ìyẹn ọ̀pọ̀ èrò tó ń lo ohun èlò orin pọ̀, láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí ẹni tó jókòó sí ìlà tó gbẹ̀yìn yóò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ketekete.

Ní báyìí, iléèwé kan fẹ́ gbà mí láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bí a ṣe ń lo ohùn. Owó oṣù náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dájú pé yóò máa wọlé, n ó sì lè fi san owó olùkọ́ tèmi, nítorí èmi náà ṣì ń gba ẹ̀kọ́. Àwọn tí a jọ ń kọrin ní kí n má dán an wò. Wọ́n ní ẹni tí ìtàgé bá kọ̀ ló ń sá lọ sídìí iṣẹ́ olùkọ́, àti pé bí àwọn tó ń gbani sípò nínú ọ́pẹ́rà bá ti gbọ́ pé ènìyàn ń kọ́ni, wọn kò ní kà á kún akọrin mọ́. Ìyá mi ní tirẹ̀ sọ pé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ mú.

Ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ mi? Ǹjẹ́ a rí akọrin ọ́pẹ́rà tó gbajúmọ̀ tó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni? Kí sì ni kíkọ́ni ń ṣe fún ohùn olùkọ́ fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ rere tàbí búburú? Mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá ń gbà mí nímọ̀ràn, ẹ fi àpẹẹrẹ tì í lẹ́yìn.

Èsì kìíní, láti ọ̀dọ̀ àgbà akọrin kan ní Ìbàdàn

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ sọ fún ọ yẹn ti pẹ́ nílẹ̀, ó sì máa ń bí mi nínú, nítorí pé ó ti lé ọ̀pọ̀ olóhùn dídára kúrò nídìí iṣẹ́ tí ì bá gbé wọn ró. Jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹnì kan fún ọ, bàrítónì bíi tìrẹ.

Todd Duncan ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Danville ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní 1903. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ orin, ló kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ó kàwé ní Butler University ní Indianapolis, ó gba oyè kejì ní Columbia University ní New York ní 1930, ó sì di olùkọ́ ohùn ní Howard University ní Washington. Kò tíì kópa nínú ọ́pẹ́rà kankan nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ yìí o. Ọdún 1934 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ipa Alfio nínú Cavalleria rusticana, ọ́pẹ́rà Mascagni, pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn akọrin aláwọ̀ dúdú kan ní New York.

Láìpẹ́, ìròyìn ohùn rẹ̀ dé etí George Gershwin, tó ń wá ẹni tí yóò kọ ipa Porgy nínú ọ́pẹ́rà rẹ̀ tuntun. Duncan kò kánjú dá a lóhùn, nítorí pé olórin ìgboro ló ka Gershwin sí, nígbà tí òun jẹ́ olùkọ́ yunifásítì tó gbájú mọ́ orin àwọn àgbà olórin Yúróòpù. Nígbà tó wá lọ sílé rẹ̀, orin Ítálì àtijọ́ kan ló kọ, Gershwin fúnra rẹ̀ ló sì tẹ dùùrù sí i. Orin náà kò tíì lọ jìnnà tí Gershwin fi bi í bóyá yóò jẹ́ Porgy òun. Èsì tí Duncan fọ̀ ni pé òun ní láti kọ́kọ́ gbọ́ orin tí wọ́n fẹ́ kí òun kọ ná. Mo fẹ́ kí o fi èyí sọ́kàn. Ẹni tí owó oṣù ń dúró dè ní Washington ló lè bá irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn; ẹni tí ebi ń pa ì bá ti gbà kí wọ́n tó ṣí ìwé orin.

Porgy and Bess bẹ̀rẹ̀ ní New York ní ọjọ́ 10 oṣù October 1935, ìgbà 124 ni wọ́n sì ṣe é níbẹ̀ kí wọ́n tó kúrò. Arọ ni Porgy, kẹ̀kẹ́ tí ewúrẹ́ ń fà ló fi ń rìn kiri, nítorí náà orí eékún ni Duncan ti ń kọrin. Ìwọ tí ò ń kọrin mọ ohun tí èyí ń gbà lára ènìyàn: ẹsẹ̀ tí a fi ń tẹlẹ̀ kí èémí lè fìdí múlẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, ìhà àti ẹ̀yìn nìkan ló kù tí yóò gbé ohùn náà jáde. Láàárín àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, ó kọ ipa yìí ju ìgbà 1,800 lọ. Lójú tèmi, bí kò bá jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́ ibi tí èémí ti ń wá àti bí a ṣe ń ṣọ́ ọ ná, ohùn yẹn ì bá ti dẹnu kọlẹ̀ kó tó dé ìdajì.

Ní 1936, wọ́n gbé eré náà lọ sí National Theatre ní Washington, níbi tí wọn kì í ti í jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú jókòó wòran. Ìlú tí Duncan ti ń kọ́ni nìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Howard kò ní lè wọlé wá gbọ́ ọ. Òun àti Anne Brown, tó ń kọ ipa Bess, sọ pé àwọn kò ní kọrin bí ọ̀ràn bá rí bẹ́ẹ̀. Àwọn alábòójútó gbọ̀ngàn náà gbìyànjú láti fi ìdá díẹ̀ tù ú nínú, ó kọ̀, títí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn fún gbogbo ìgbà tí eré náà fi wà níbẹ̀.

Àbí o ṣì ń bèèrè bóyá àwọn tó ń gbani sípò kà á kún akọrin? Ní oṣù September 1945 ló kọ ipa Tonio nínú ọ́pẹ́rà Pagliacci ní New York City Opera, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó kọrin pẹ̀lú iléeṣẹ́ ọ́pẹ́rà ńlá ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn akọrin aláwọ̀ funfun. Ọdún yẹn gan-an ló fi Howard sílẹ̀, ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tó ń di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, orúkọ olùkọ́ ṣì wà lára rẹ̀. Ó gbé orin rẹ̀ kiri ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lẹ́yìn náà, òun àti atẹdùùrù rẹ̀ William Allen. Kò sì fi ẹ̀kọ́ kíkọ́ sílẹ̀: ó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nílé rẹ̀ ní Washington, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní iléèwé orin Curtis Institute ní Philadelphia ní 1978, ó sì di arúgbó sẹ́nu iṣẹ́ yìí kó tó kú ní 1998 lẹ́ni ọdún 95.

Èsì kejì, láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ ohùn kan ní London

Bàbá, ẹ ṣeun fún ìtàn yìí. Apá kẹta ìbéèrè náà ni èmi fẹ́ dáhùn, nítorí pé inú rẹ̀ ni mo wà láti àárọ̀ dalẹ́.

Àbúrò, ohun tí a fi ń kọrin kò tóbi rárá. Inú gògóńgò ni tán-án-ná wà, awẹ́ méjì kéékèèké tó ń pàdé tó sì ń yà bí èémí bá ti ń gba àárín wọn kọjá. Nígbà tí obìnrin bá kọ ohùn A tí ọkẹ́sítírà fi ń mú àwọn ohun èlò wọn dọ́gba, ìgbà 440 ni awẹ́ méjèèjì ń pàdé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Síbẹ̀, kì í ṣe orin kíkọ ló sábà ń dá wọn lágara lára olùkọ́, ọ̀rọ̀ sísọ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọrin lọ́wọ́, dùùrù ń dún, ìwọ náà ń pariwo lé wọn lórí pé, "Dẹ àgbọ̀n rẹ! Má gbé èjìká sókè!" Bí o bá ṣe èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn láti àárọ̀, tí o sì lọ síbi ìdánrawò tìrẹ ní ìrọ̀lẹ́, ohùn tó ti rẹ̀ ni wàá gbé lọ síwájú adarí orin. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ fi pọ̀ lára àwọn tó ń lọ rí dókítà nítorí ohùn tó há.

Ewu mìíràn wà nínú fífi ohùn ṣe àpẹẹrẹ. Sòpúránò kan, ìyẹn obìnrin tí ohùn rẹ̀ ga jù lọ, yóò wá bá ọ, kò ní lè dé ibi gíga nínú orin rẹ̀, ìwọ yóò sì fẹ́ fi ohùn tín-ín-rín kan tí kì í ṣe tìrẹ kọ ọ́ fún un kí ó lè gbọ́ ohun tí ò ń wí. Má ṣe é. Fi ọ̀rọ̀ júwe rẹ̀, tẹ̀ ẹ́ lórí dùùrù, tàbí kí o pe akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tó ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ kó kọ ọ́. Nínú ohùn tìrẹ gan-an, àpẹẹrẹ kúkúrú tó mọ́ gaara sàn ju kí o kọ odidi orin lọ, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ ohùn olùkọ́ jù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sín in jẹ, tí ohùn tirẹ̀ yóò sì farasin.

Ní ti àwọn tó ní ẹni tí ìtàgé kọ̀ ló ń kọ́ni, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ti gba ohun púpọ̀ tí a mọ̀ nípa gògóńgò. Manuel García, ọmọ Sípéènì tí wọ́n bí ní 1805, kọ ipa Figaro ní New York ní 1825 nínú ẹgbẹ́ ọ́pẹ́rà bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lórí ìtàgé kó tó yà sídìí iṣẹ́ olùkọ́. Ní 1841, ọmọbìnrin kan láti Sweden, Jenny Lind, tọ̀ ọ́ wá ní Paris pẹ̀lú ohùn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ tán nítorí iṣẹ́ àṣejù. Kò kọ́kọ́ kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ó ní kó lọ fi ohùn rẹ̀ sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn ló tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, obìnrin náà sì di ọ̀kan lára àwọn akọrin tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní ọ̀rúndún yẹn. Ní 1854, García fi dígí kékeré tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò sí ẹ̀yìn ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀, ó fi dígí mìíràn darí ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí i, ó sì rí tán-án-ná tirẹ̀ bó ṣe ń ṣí tó sì ń pa dé. Nígbà tó ròyìn ohun tó rí fún Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ní London ní 1855, àwọn oníṣègùn náà gba ọgbọ́n yẹn lò. Royal Academy of Music níbí ló ti kọ́ni láti 1848 títí di 1895, ó sì kú ní 1906 lẹ́ni ọdún 101.

Èrè tí olùkọ́ ń jẹ kò sì kéré. A kì í gbọ́ ohùn ara wa bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń gbọ́ ọ, nítorí pé inú egungun orí wa ni apá kan rẹ̀ ń gbà dé etí wa. Lára akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti kọ́kọ́ dá ìró dídán yẹn mọ̀, èyí tó ń jẹ́ kí akọrin ọkùnrin là ọkẹ́sítírà já: agbára ọkẹ́sítírà pọ̀ jù ní àyíká 500 hertz (ìyẹn ìgbà 500 tí ìró ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ṣùgbọ́n ohùn ọkùnrin tí a kọ́ dáadáa máa ń kó agbára jọ ní àyíká 3,000 hertz, níbi tí ọkẹ́sítírà kò ti lágbára tó bẹ́ẹ̀. Bí o bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tó dé àti nígbà tó lọ, etí rẹ yóò mú, wàá sì mọ ohun tí ò ń wá nínú ohùn tìrẹ. Nítorí èyí nìkan, èmi kò lè fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀.

Èsì kẹta, láti ọ̀dọ̀ akọrin kan ní Jámánì

Mo gbà pẹ̀lú ohun tí ẹ̀yin méjèèjì sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò tíì jẹyọ. Kì í ṣe orúkọ olùkọ́ ló ń dí akọrin lọ́wọ́, àkókò ni.

Jámánì tí mo wà yìí ní nǹkan bí 80 iléeṣẹ́ ọ́pẹ́rà tí ìjọba ń ná owó lé lórí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń gba akọrin síṣẹ́ olówó oṣù. Akọrin tó bá rí irú àyè bẹ́ẹ̀, ìdánrawò ni ní òwúrọ̀, ìdánrawò tàbí eré tún ni ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀sán díẹ̀ ló kù fún akẹ́kọ̀ọ́. Ní ibòmíràn tí wọ́n ti ń sanwó fún eré kọ̀ọ̀kan, ẹni tí òtútù bá mú tí kò lè kọrin lálẹ́ ọjọ́ náà lè pàdánù owó rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ akọrin tí ẹ ń gbọ́ orúkọ wọn fi ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n ìdánwò ohùn kì í bá ènìyàn dámọ̀ràn kó tó dé. Wọ́n lè pè ọ́ lónìí pé kí o wà ní ìlú mìíràn lọ́tùn-únla. Bí iṣẹ́ olùkọ́ rẹ bá jẹ́ èyí tí o kò lè yẹ̀ fún ọjọ́ kan, ọdún yóò máa gorí ọdún, o kò ní mọ̀gbà tí ọjọ́ orí tí wọ́n fi ń gba akọrin tuntun yóò kọjá lórí rẹ.

Ẹ wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe tò ó. George Shirley, tẹ́nọ̀ (akọrin ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ga) tó dàgbà ní Detroit, kọ́ àwọn ọmọ iléèwé gíga ìlú náà ní orin, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ yẹn níbẹ̀. Wọ́n mú un wọṣẹ́ ológun, ó di ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ológun, ibẹ̀ ló sì gbà dé ìdí ọ́pẹ́rà. Nígbà tó wọ iléeṣẹ́ ọ́pẹ́rà ńlá New York, Metropolitan Opera, ní 1961, kò padà sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní kíákíá. Ọdún 11 ló lò níbẹ̀. Ọdún 1980 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní University of Maryland, ó sì lọ sí University of Michigan ní 1987, níbi tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà. Camilla Williams náà, ọmọ Danville ní Virginia, kọ́ àwọn ọmọdé ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ lọ kọ́ ohùn ní Philadelphia, ó sì kọ ipa Cio-Cio-San nínú Madama Butterfly ní New York City Opera ní oṣù May 1946. Lẹ́yìn tó ti kọrin yíká Yúróòpù, tó sì ti kọ orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà níbi ìwọ́de ńlá tí wọ́n ṣe ní Washington fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní 1963, ló wá di olùkọ́ ohùn. Ní 1977 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ohùn ní Indiana University, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nípò yẹn.

Duncan gbé méjèèjì pọ̀, àwọn méjì wọ̀nyí pín wọn sí ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èwo ló yẹ ọ́, ara rẹ àti àdéhùn tí iléèwé yẹn bá fún ọ ni yóò sọ ọ́. Mo sì fẹ́ fi kún un, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé ohùn ọ̀dọ́ ni wọn yóò fi lé ọ lọ́wọ́. Ọmọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà kò gbọdọ̀ fi agbára kọ orin tí ó ju ti ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, bí ó ti wù kí àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ kí ó tàn tó. Bí o kò bá tíì mọ bí a ṣe ń dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dúró, kọ́kọ́ jókòó ti olùkọ́ tìrẹ níbi tó ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn, kí o máa wò ó.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà mi. N kò gbọ́ orúkọ Todd Duncan rí, mo sì ti ń wá ohùn rẹ̀ láti gbọ́. Iléèwé náà fẹ́ kí n máa wá lójoojúmọ́ láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Ṣé ó yẹ kí n bá wọn dúnàá-dúrà, àbí kí n gba ohun tí wọ́n bá fún mi?

Èsì láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ ohùn ní London

Bá wọn dúnàá-dúrà kí o tó fọwọ́ síwèé. Sọ fún wọn pé ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni o fẹ́, kí owó sì dínkù bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ọjọ́ yòókù lè wà fún ohùn tìrẹ àti fún ẹ̀kọ́ tí o ń gbà. Rí i pé ó wà nínú ìwé àdéhùn pé o lè gba àyè láti lọ ṣe ìdánwò ohùn bí wọ́n bá pè ọ́, pẹ̀lú olùkọ́ mìíràn tí yóò dúró fún ọ. Ní ọjọ́ tí o bá ní eré, má kọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ tí o bá ń kọ́ni, tètè jí kí o fi ohùn rẹ dánra wò díẹ̀díẹ̀ nílé kí akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tó dé, nítorí pé bí o bá ní di ìrọ̀lẹ́, kò ní sí ohùn tí o fẹ́ fi ṣe é. Béèrè yàrá tó ní ilẹ̀kùn tó ṣe é tì, tó jìnnà sí pápá ìṣeré àti ẹ̀rọ amúnáwá, kí o má bàa máa gbé ohùn sókè nítorí ariwo òde. Bí wọ́n bá ní ojoojúmọ́ náà ni, tí wọ́n sì fẹ́ kí ó jẹ́ kíláàsì ọlọ́pọ̀ ènìyàn láìsí dùùrù, fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wọn, kí o wá akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ tí wàá máa kọ́ nílé.